Ó Ṣá Wọn Lógun, Kò Sá Wọn: Ọ̀rọ̀ Lórí Íápíìsì Olówó Pọ́ọ́kú

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oríkì, òwe àti àmì ohùn ni ẹ sábà máa ń bá pàdé lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá wá sọ pé íápíìsì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló pa èdè àti wáyà pọ̀. Ẹ ní sùúrù fún mi. Íápíìsì tí mo ń wí ni kékeré tí a ń kì bọ ihò etí, èyí tí wọ́n ń tà lórí tábìlì lẹ́bàá títì, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yọ owó rẹ̀ nínú owó oúnjẹ. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbọ́ Yorùbá lóde òní, ju ẹnu àwọn àgbà fúnra wọn lọ.

Ní ọdún 2018, mo lọ gba ohùn bàbá arúgbó kan sílẹ̀ nínú agbo ilé wọn ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán. Oríkì ìdílé wọn ni bàbá ń kì. Ohùn rẹ̀ já gaara, kò sí ariwo mọ́tò, àfi àkùkọ kan tó fẹ́ bá wa pín nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo délé, mo fi ohùn náà ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó máa ń bá mi da ohùn kọ sínú ìwé, nítorí ó mọ àmì í fi sí ju èmi olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́. Mo wò ó fìrí, mo yìn ín, mo gbé e pamọ́.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí bàbá papò dà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n fún àwọn ní oríkì náà kí àwọn tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo fún wọn, inú mi sì dùn. Ọjọ́ ìsìnkú, ọmọ-ọmọ kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń kà á bí wọ́n ti kọ ọ́. Ó kà á débi tí wọ́n ti mẹ́nu ba baba ńlá wọn tó jagun, ó ní, «Ó sá wọn lógun.» Àbúrò bàbá, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, dìde lórí àga rẹ̀. Ó ní, «Ta ló sá?»

Ohun tí bàbá wí ni pé baba ńlá wọn ṣá wọn lógun. Àdá ni ó fi ṣá wọn. Àmì kékeré kan tó yẹ kó wà lábẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, ni akọni bá di ojo níwájú àna, níwájú àlejò, nínú ìwé tí wọ́n ti pín kiri. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó lè jẹ́rìí ohun tó wí wà nínú pósí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbéra, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrìn náà lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà, inú ọkọ̀ ni mo sì ti ń to èébú tí n ó bú akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó kàn mú íápíìsì rẹ̀, ó fi fún mi, ó ní, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín.» Mo kì í bọ etí. Sá ni mo gbọ́. Mo dá a padà nígbà mẹ́ta, sá ni. Mo wá yọ tèmi nínú àpò, èyí tí owó rẹ̀ kò ju tirẹ̀ lọ, mo kì í bọ fóònù kan náà, mo tún un gbọ́: ṣá, kedere, bí ìgbà tí bàbá jókòó tì mí. Èébú tí mo tò dọ́jà ni mo gbé padà sílé.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ọ̀rọ̀ fàájì ni ọ̀rọ̀ íápíìsì. Ìjà tí mo sì fẹ́ jà lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á àti àwa tó ń rà á ni mo ti fẹ́ jà á.

Ẹ dé Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dé Under G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH ti ń rọ́ gìrọ́gìrọ́, ẹ dé Ọwọ́dé ní Ọ̀yọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà tà á. Bí ẹ bá ti na ọwọ́ sí ọ̀kan, olùtajà yóò kì í bọ fóònù rẹ̀, yóò fi orin kan sí i tó jẹ́ pé ìlù ẹ̀rọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò ní, «Ẹ gbọ́ béèsì ẹ̀! Ó ń mi àgbárí!» Ẹni tó fẹ́ rà á yóò mi orí lẹ́ẹ̀mejì, yóò sanwó. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn kan níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ra ìyá ìlù, tó jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi wé e ló ń wò, tí kò gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ onílù kó fi sọ̀rọ̀.

Àfiwé ìlù yìí kì í ṣe àsọdùn. Bí ẹ bá tú íápíìsì lásán, ìlù ni ẹ ó bá níbẹ̀. Awọ kan wà tó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́wàá, ike ni wọ́n fi ṣe é. Wáyà tín-ínrín kan ká mọ́ ẹ̀yìn awọ náà, irin òòfà sì wà nítòsí rẹ̀. Bí iná bá ti inú fóònù wá sára wáyà náà, òòfà yóò máa fà á, yóò máa tì í, awọ yóò sì máa gbọ̀n. Yàtọ̀ sí awọ, ihò tó wà lára ilé rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ ti gùn tó, àwọ̀n tó wà lẹ́nu ibẹ̀ àti rọ́bà tó ń dí etí ni wọ́n jọ ń pinnu ohùn tí a ó gbọ́. Àwọn ìdílé Àyàn mọ èyí tipẹ́: awọ kan náà, bí igi bá yàtọ̀, bí osán bá dẹ̀, ohùn yóò yí. Ìdí nìyí tí íápíìsì méjì fi lè jẹ́ iye kan náà, tí wọ́n lè lo irú awọ kan náà, síbẹ̀ tí ọ̀kan ń sọ òótọ́, tí èkejì ń purọ́.

Àwọn kan máa ń dá mi lóhùn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn àṣà. Wọ́n ní èdè ohùn ni Yorùbá, èdè ìlù ni, nítorí náà etí Yorùbá nílò béèsì ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí tẹlifóònù onígbòòrò, ti ìgbà NITEL. Ohùn tí ìlà tẹlifóònù irú èyí ń gbé kò ju láti 300 Hertz sí 3,400 Hertz lọ, ìyẹn ni pé ohun tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà tí kò tó 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gbé e rárá. Ohùn ọkùnrin nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ sì wà ní àárín nǹkan bíi 85 sí 180 Hertz. Béèsì tó ru ohùn gan-an kò dé etí ẹni tó wà lódìkejì. Síbẹ̀, ta ni nínú yín tí bàbá rẹ̀ pè é lórí tẹlifóònù pé kí ó mú ọkọ́ wá, tó gbé ọkọ̀ lọ bá a? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, gbogbo wọn ń kọjá láìṣì.

Ohun tó fà á ni pé ohùn kì í dá rìn. Bí ọkùnrin bá sọ̀rọ̀ ní 120 Hertz, ohùn náà máa ń kó àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dání ní 240, ní 360, ní 480, títí lọ sókè. Bí olórí kò bá tilẹ̀ dé, etí máa ń ti ara àlàfo àárín àwọn ọmọlẹ́yìn mọ ibi tí olórí yẹ kó wà. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí a ń fi àmì sí lórí fáwẹ̀lì kò sí lọ́wọ́ béèsì tí olùtajà ń polówó. Wọ́n wà ní àárín, níbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó ń tètè bàjẹ́ ni kọ́ńsónáǹtì. Agbára ṣ pọ̀ láti nǹkan bíi 2,000 sí 4,000 Hertz, ti s sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ íápíìsì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ṣe bí àfonífojì: wọ́n gbé ìsàlẹ̀ sókè kí ó lè mi àgbárí, wọ́n gbé òkè pátápátá sókè kí ó lè máa dún ṣíṣán bí irin, wọ́n sì jẹ́ kí àárín jìn wọlẹ̀. Inú ihò yẹn ni ṣ wà. Bí ẹ bá yọ ara ṣ kúrò, tí ẹ fi irun orí rẹ̀ nìkan sílẹ̀, s ni etí yóò kà á sí. Báyìí ni àdá ṣe bọ́ lọ́wọ́ baba ńlá àwọn ènìyàn mi.

Béèsì àpọ̀jù tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Ìró ìsàlẹ̀ tó bá lágbára máa ń bo ìró tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú etí wa, bẹ́ẹ̀ ni a ti dá etí ènìyàn. Ẹ fi dùndún dán an wò. Nínú íápíìsì tó dára, ẹ ó gbọ́ ìyá ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ gúdúgúdú tó ń ta fọ́ọ́fọ́ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ṣaworo tó wà létí ìyá ìlù bí ó ti ń mì. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní «béèsì dáadáa», ìyá ìlù yóò wú bí ẹni tí ara rẹ̀ ń wú, gúdúgúdú yóò rì sínú rẹ̀, ṣaworo yóò sì di ariwo èérún. Ẹni tó sọ pé òun fẹ́ràn ìlù, tó wá ń fi irú èyí gbọ́ ọ, ariwo ló fẹ́ràn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Etymotic ní Amẹ́ríkà gbé íápíìsì ER-4 jáde ní 1991, òótọ́ ohùn ni wọ́n ń lé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ń ṣàròyé nípa rẹ̀ títí di òní ni pé béèsì rẹ̀ kò tó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ lọ ra ọ̀wọ́n. Ẹgbẹ́ kejì tí mo ń bá jà nìyẹn, àwọn tó ń fi imú fẹ́ ọjà olówó pọ́ọ́kú. Íápíìsì tí mo fi gbọ́ ṣá ní Ògbómọ̀ṣọ́, owó rẹ̀ kò pé 2,000 náírà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan fún mi ní ẹ̀bùn ọ̀kan tó wọ́n, tó wúwo lọ́wọ́ bí ohun ọlá, tó jẹ́ pé s àti ṣ kò yàtọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti ìwúwo, mo tú ọ̀kan tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, ará rẹ̀ ń dán bí irin. Ike tí wọ́n kùn ni. Irin pẹlẹbẹ kan tí kò so mọ́ wáyà kankan wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó tẹ̀wọ̀n lọ.

Ẹ yé fi ìwúwo díwọ̀n agbára. Ọrùn ni kí ẹ máa wò. Ibi mẹ́ta ni wáyà ti ń já: ìdí irin tí a ń kì bọ fóònù, oríta tó ti pín sí ọ̀tún àti òsì, àti ibi tó ti wọ ara íápíìsì. Bí rọ́bà tó bo ọrùn wọ̀nyí bá le gbagidi bí egungun, wáyà yóò kán sí ibi tí rọ́bà parí sí. Bí ó bá ń tẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, yóò pẹ́. Bí ẹ bá sì rí èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, tó ní ẹsẹ̀ kékeré méjì bí abẹ́rẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì ju agbára yín, òun ni kí ẹ mú, nítorí wáyà ló sábà ń kú ṣáájú awọ. Àwọn oníṣẹ́ fóònù wa lè jó wáyà tó já, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí fi iná tàbí abẹ kó ọ̀dà ara wáyà tín-ínrín náà kúrò kí wọ́n tó fi lẹ́ẹ̀dì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní í gbé iná. Ọ̀pọ̀ tí a sì ń kó dànù pé ẹ̀gbẹ́ kan ti kú, ìdọ̀tí etí ló dí àwọ̀n ẹnu rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ kan tó.

Rọ́bà etí náà wà níbẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi sínú páálí, a kì í wo méjì yòókù. Bí rọ́bà kò bá dí etí dáadáa, béèsì yóò fò lọ, ohùn yóò gbẹ, ẹ ó sì máa bú aláìṣẹ̀.

Ní ti Bluetooth, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé. Bátìrì inú rẹ̀ kéré, tó bá ti gbó, ó ṣòro láti pààrọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ èyí. Bí ẹ bá ń fi íápíìsì Bluetooth sọ̀rọ̀, tí ẹ sì ń fi òun náà gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yí sí ipò ìpè. Nínú ipò ìpè àtijọ́, ìgbà 8,000 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohunkóhun tó bá kọjá 4,000 Hertz kò sì lè sí nínú rẹ̀. Olùkọ́ yín ń pe s, etí yín kò rí ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí máìkì fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà gba ohùn yín, kí ẹ sì fi oníwáyà gbọ́ ti olùkọ́.

Báwo wá ni kí a ṣe rà á? Ẹ gba ohùn ẹnìkan tó mọ Yorùbá í sọ sílẹ̀ sínú fóònù yín, kí ẹ gbé e lọ sọ́jà. Èmi máa ń lo orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, nítorí ó ní ṣ, ó ní gb, ó sì ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ pọ̀ nínú ẹyọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ bí mo bá sọ pé «mo ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́». Ìtàn Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé orí rẹ̀ ló wà nínú orúkọ náà. Bí íápíìsì bá sọ ọ́ di Ògbómọ̀sọ́, ẹ dá a padà sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ òsì àti ọwọ́ òṣì. Lẹ́yìn náà, ìjálá: àwo Ògúndáre Fóyánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dára fún èyí, nítorí ìjálá máa ń yára, kò ní dúró de awọ tó lọ́ra. (Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé s àti ṣ kò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn jà lẹ́nu tiyín. Ẹ lo e àti ẹ.) Ẹ fi ohùn kan náà dán méjì tàbí mẹ́ta wò lórí fóònù kan náà, kí ẹ má baà dá íápíìsì lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí fóònù ṣẹ̀.

Ohun tó tún ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ béèsì yìí ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rì, ọwọ́ yóò lọ síbi ìdá ohùn sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ pé bí òun ti ń ṣe nìyẹn ní gbogbo òru tó fi kọ oríkì bàbá: kò gbọ́ ọ yé, ó sì ń gbé e sókè. Àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé jọ fi ìlànà kan léde ní 2019: ohùn tó wà ní 80 desíbẹ́ẹ̀lì, kí àgbàlagbà má gbọ́ ọ ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá fi desíbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta pére ga sí i, wákàtí náà yóò dín sí ìdajì, 20. Bí ó bá tún fi mẹ́ta ga, ó di 10. Ìlú Ọ̀yọ́ yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1977 láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn tí kò gbọ́ràn àti àwọn tí kò ríran. Mo ti bá àwọn tó kàwé níbẹ̀ jókòó, mo sì ti rí iṣẹ́ tó wà nínú kíkọ́ ọmọ tí kò gbọ́ ohùn láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà. Etí tó ń ṣiṣẹ́ ni àwa ń fi owó wa bàjẹ́, nítorí pé ó ń mi àgbárí.

Ìdílé bàbá tún ìwé náà tẹ̀, èmi ni mo sanwó rẹ̀. Ìyá àgbà gba ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kà á sí òun létí. Nígbà tí mo dé ibi ṣá, ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ̀ lé mi lọ sí Tákìé láìpẹ́ yìí láti ra òmíràn. Olùtajà ti na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀ láti fi orin sí i, ó ní rárá, òun mú tòun wá. Ó fi ohùn bàbá sí i. Olùtajà kì í bọ etí tirẹ̀ náà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó béèrè pé orin ta nìyí.

«Kì í ṣe orin,» ó dá a lóhùn. «Kí ni ẹ gbọ́ pé bàbá náà ṣe wọ́n lógun?»